Ọjọ́ kan péré ní etí òkun lẹ́yìn Camino de Santiago: báwo ni kí a ṣe lò ó?

Ẹsẹ̀Ńrìn kọ̀wé:

Mo kí gbogbo ilé. Èmi àti ìyàwó mi wà lójú ọ̀nà Camino Francés báyìí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìrìn-àjò mímọ́ àfẹsẹ̀rìn tí a ń pè ní Camino de Santiago, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 kìlómítà kí ènìyàn tó wọ Santiago de Compostela ní Sípéènì. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni a ó dé, ọkọ̀ òfurufú wa yóò sì gbéra láti pápákọ̀ Santiago ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni ó ṣófo, a sì ti fohùn ṣọ̀kan pé etí òkun ni a ó ti lò ó.

Ibi tí a kò ti fohùn ṣọ̀kan nìyí. Èmi fẹ́ kí a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Fisterra, ìlú etí òkun kan níhà ìwọ̀-oòrùn Santiago, kí a rìn dé ibi ilé ìmọ́lẹ̀ tí ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, kí a wo bí oòrùn ṣe ń wọ inú òkun, kí a sì padà sí Santiago lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó mi ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrìn mọ́, pé yanrìn àti omi ni òun ń wá. Ìléròrò wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan sì ti bẹ́. A gbọ́ pé omi òkun máa ń tètè jẹ́ kí egbò jinná, a sì tún gbọ́ pé àwọn arìnrìn-àjò máa ń sun bàtà wọn níbẹ̀. Àárín oṣù Kẹsàn-án ni a wà yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Bàbá Onísùúrù kọ̀wé:

Ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú orí ire. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí yín lérò padà lórí Fisterra, nítorí pé ẹni tí ó bá rin gbogbo ọ̀nà yẹn tí kò fojú kan òkun dà bí ẹni tí ó se ọbẹ̀ tí kò tọ́ ọ wò. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Yúróòpù ti parí níhà ìwọ̀-oòrùn. Òkúta tí wọ́n kọ 0,00 kìlómítà sí lára wà nítòsí ilé ìmọ́lẹ̀ náà, ère bàtà onídẹ kan sì wà lórí àpáta. Ibẹ̀ ni a ti máa ń dáná sun bàtà tàbí aṣọ tí a fi rìn, kí ti àtijọ́ lè lọ, kí tuntun sì dé. Ẹ gbé bàtà yín tí ó ti gbó dání.

Akínrìn kọ̀wé:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí mo fẹ́ tún ṣe kí tọkọtaya yìí má bàa kó sí wàhálà.

Èkíní ni ti iná. Wọ́n ti fòfin de dídáná sun nǹkan ní orí àpáta Fisterra, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Igbó tí ó yí ibẹ̀ ká máa ń gbẹ fúrúfúrú, afẹ́fẹ́ òkun kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dúró. Bàtà òde òní náà kì í ṣe awọ lásán mọ́, rọ́bà àti ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá dáná sun ún ń fi èéfín olóró àti èérí dúdú sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú ni. Bí bàtà bá sì wúlò díẹ̀, ẹ bi ilé ìsùn àwọn arìnrìn-àjò bóyá wọ́n ní àpótí tí a ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí.

Èkejì ni pé Fisterra kọ́ ni ibi tí ó jìnnà jù níhà ìwọ̀-oòrùn. Bí a bá wọn ilẹ̀ Sípéènì nìkan, láìka àwọn erékùṣù rẹ̀ mọ́ ọn, Cabo Touriñán, ṣóńṣó ilẹ̀ kan tí ó yọ sínú òkun ní ẹ̀bá ìlú Muxía, ni ó borí, bí a bá sì wọn gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù láìka erékùṣù, Cabo da Roca ní Pọ́túgàl ni. Àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n gbà pé ilẹ̀ parí sí Fisterra. Èyí kò bu ẹwà ibẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí rẹ̀ pa ara yín láti débẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Etíkun kọ̀wé:

Kò sí ẹni tí ó tíì dárúkọ aago, bẹ́ẹ̀ aago ni yóò da ètò Ẹsẹ̀Ńrìn rú. Sípéènì ń lo aago kan náà pẹ̀lú Jámánì, bẹ́ẹ̀ Galicia, agbègbè tí Santiago àti Fisterra wà, sì wà lọ́hùn-ún lápá ìwọ̀-oòrùn pátápátá. Ìdí nìyí tí oòrùn kì í fi í wọ̀ níbẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ní àárín oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ó jẹ́ pé ní òpin oṣù Kẹfà, ó máa ń kọjá aago mẹ́wàá. Bọ́ọ̀sì tí ó kẹ́yìn láti Fisterra sí Santiago máa ń ti lọ kí oòrùn tó wọ̀, àwọn bọ́ọ̀sì òpin ọ̀sẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó ti àárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo wíwọ̀ oòrùn ní Fisterra yóò sùn síbẹ̀, tàbí kí ó wá ẹni tí yóò fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbé e padà. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì: ìwọ̀ oòrùn, tàbí ibùsùn yín ní Santiago.

Ohun kejì ni pé bọ́ọ̀sì méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń gba ọ̀nà tààrà, kò sì ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ. Èkejì ń gba Noia àti Muros lẹ́bàá omi, ó sì lè tó wákàtí mẹ́ta. Ọ̀nà ẹ̀bá omi yẹn rẹwà gan-an ni, àmọ́ ó kọ́lọkọ̀lọ, ẹni tí inú rẹ̀ máa ń rú nínú ọkọ̀ kò ní gbádùn rẹ̀. Ẹ wo àkọsílẹ̀ àkókò ọkọ̀ ti ọjọ́ Àbámẹ́ta gan-an, kí ẹ má wo ti ọjọ́ mìíràn. Ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì Santiago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, ẹsẹ̀ lè gbé yín débẹ̀ láti iwájú kàtídírà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni ọ̀nà náà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ kọ̀wé:

Ẹsẹ̀ ni tèmi, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, èmi náà sì ti rin ọ̀nà Pọ́túgàl láti Porto dé Santiago.

Ọ̀rọ̀ pé omi òkun ń wo egbò sàn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Omi iyọ̀ tí a fi ń fọ egbò ní ilé ìwòsàn jẹ́ èyí tí a ti pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 9 nínú lítà kan. Iyọ̀ inú òkun ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin èyí, gíráàmù 35 tàbí bẹ́ẹ̀ nínú lítà kan, yanrìn àti kòkòrò sì wà nínú rẹ̀. Ìléròrò tí kò tíì bẹ́ kò ní ìṣòro nínú omi, nítorí pé awọ tí ó bò ó ni ààbò rẹ̀. Èyí tí ó ti bẹ́ ni kí ìyá wa má ṣe rì sínú òkun, pàápàá bí ẹran pupa bá ti hàn níbẹ̀. Bí ó bá ṣèèṣì tutù, kí wọ́n fi omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀ ṣàn án títí yanrìn yóò fi kúrò, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìfi ra á, kí wọ́n sì fi báńdéèjì tuntun bò ó. Ẹ má ṣe gé awọ tí ó ṣẹ́kù lórí rẹ̀ dànù, nítorí pé ó ṣì ń ṣe ààbò. Bí ibẹ̀ bá wú, tí ó gbóná, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí pupa rẹ̀ ń gun ẹsẹ̀ lọ sókè, ọ̀rọ̀ dókítà ni ó kàn, kì í ṣe ti etí òkun mọ́. Ẹni tí ó bá ní àrùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ yanrìn láìwọ bàtà rárá.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í kà sí. Ara tí ó ti ń rìn láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kì í fẹ́ kí a dá òun dúró lójijì. Ẹni tí ó bá jókòó sójú kan nínú bọ́ọ̀sì, tí ó tún sùn lórí yanrìn láti àárọ̀ dé alẹ́, kò ní lè tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa ní ọjọ́ kejì. Ẹ dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rìn díẹ̀díẹ̀ lórí yanrìn tútù tí ó le ní etí omi, nítorí pé yanrìn gbígbẹ tí ó rọ̀ máa ń fa iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé orí àpò. Ẹ sì fi ìpara tí ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn pa orí ẹsẹ̀ dáadáa: awọ tí ìbọ̀sẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń tètè jóná, àwa aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú.

Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú ń dúró dè yín, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Bí ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń dunni, ẹ má ṣe kà á sí àárẹ̀ ìrìn lásán. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan. Ẹ wá ìtọ́jú kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Sípéènì ni 112.

Ìyá Ìbejì kọ̀wé:

Èmi kò rí ìdí tí ẹ ó fi lo wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà nínú bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tí ẹ pè ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí A Coruña. Láàárín ìdajì wákàtí sí ogójì ìṣẹ́jú, ẹ ti dé. Etí òkun Riazor àti Orzán wà láàárín ìlú gan-an, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé oúnjẹ sì wà nítòsí. Bí ọkọ bá ṣáà fẹ́ ilé ìmọ́lẹ̀, Torre de Hércules wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ará Róòmù kọ́ ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, tí iná rẹ̀ ṣì ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà títí di òní. Àjọ UNESCO fi í kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2009. Wọn yóò wo wíwọ̀ oòrùn, wọn yóò sì rí ọkọ̀ ojú irin padà lálẹ́. Ohun tí tọkọtaya méjèèjì ń fẹ́ nìyẹn.

Akínrìn kọ̀wé:

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni A Coruña. Ẹni tí ó ti ń gba inú oko àti abúlé kọjá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè rí i pé ariwo mọ́tò ni òun lọ bá. Ìgbì Orzán náà kì í ṣe ti ọmọdé.

Ìyá Ìbejì kọ̀wé:

Ariwo Santiago ní ìparí ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọn yóò sùn. Ní ti ìgbì, mo gbà fún ọ, àmọ́ Riazor máa ń rọlẹ̀ ju Orzán lọ, kí wọ́n sì ṣáà wo àsíá tí wọ́n fi ń sọ bí omi ṣe le tó.

Òjò Alẹ́ kọ̀wé:

Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn Muxía. Ilé ìjọsìn Virxe da Barca wà lórí àpáta níbi tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé Màríà fi ọkọ̀ òkúta gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti gba àpọ́sítélì Jákọ́bù níyànjú, wọ́n sì ní àwọn òkúta ńlá tí ó wà létí omi ni àfọ́kù ọkọ̀ náà. Mànàmáná dá iná sí ilé ìjọsìn náà ní ọjọ́ Kérésìmesì 2013, wọ́n sì ti tún un ṣe. Lókè rẹ̀ ni òkúta ńlá tí ó là sí méjì wà, tí wọ́n fi ń rántí epo tí ó dà sínú òkun nígbà tí ọkọ̀ Prestige rì ní oṣù Kọkànlá 2002. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó sójú kan kí ó máa wo omi, tí kò fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, Muxía ni kí ó lọ. Àwọn arìnrìn-àjò tí ó wà níbẹ̀ kì í pọ̀ tó ti Fisterra.

Àbẹ̀kẹ́ Etíkun kọ̀wé:

Òjò Alẹ́, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n wà o! Àárín oṣù yìí ni ọdún Virxe da Barca máa ń bọ́ sí, èrò tí ó máa ń lọ síbẹ̀ nígbà náà kò ṣe é fẹnu sọ. Bí ọjọ́ Àbámẹ́ta wọn bá bọ́ sí i, àyè ìjókòó lórí àpáta gan-an yóò ṣòro.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Fisterra, kí n sọ bí etí òkun ibẹ̀ ṣe rí, nítorí pé méjì ni ó ṣe pàtàkì, wọn kò sì jọra rárá. Langosteira ni èyí tí àwọn tí ó bá fẹsẹ̀ rìn láti Santiago máa ń gbà wọ ìlú. Yanrìn funfun ni, ó gùn tó kìlómítà méjì, ojú rẹ̀ kọ sí ìlà-oòrùn, ilẹ̀ gíga sì gba afẹ́fẹ́ òkun ńlá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Omi ibẹ̀ máa ń rọlẹ̀, ó sì mọ́ débi pé bí o bá dúró sínú rẹ̀ títí dé orúnkún, o óò máa rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ àti àwọn ìkarahun kéékèèké tí ó ń yí gbirigbiri láàárín wọn. Àárọ̀ àti ọ̀sán ni ó dára jù níbẹ̀. Mar de Fóra ni èkejì, ní òdìkejì ìlú, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn gangan. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti máa ń wo wíwọ̀ oòrùn, ṣùgbọ́n wíwò nìkan ni o. Ìgbì ibẹ̀ le, omi abẹ́ sì máa ń fa ènìyàn lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ẹja.

Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe gbogbo etí òkun yẹn ní Costa da Morte, Etí Òkun Ikú. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Serpent fọ́ sí àpáta ní apá ibẹ̀ ní 1890, ènìyàn mẹ́ta péré ni ó yè nínú gbogbo èrò rẹ̀. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ kọ̀wé:

Mo fi ọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Omi Langosteira pàápàá tutù ju bí ojú ṣe lè sọ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ àríwá máa ń ti omi òkè kúrò ní ẹ̀bá ilẹ̀ Galicia, omi tútù ìsàlẹ̀ òkun á sì rú sókè láti rọ́pò rẹ̀. Èyí ni ó ń mú ẹja pọ̀ níbẹ̀, òun náà ni ó sì ń gba èémí lẹ́nu ẹni tí ó bá bẹ́ sínú omi lójijì. Ẹ wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Fún ẹsẹ̀ tí ìrìn mú wú, tí kò sí ìléròrò tí ó ti bẹ́ lára rẹ̀, omi tútù yẹn dé orúnkún fún ìṣẹ́jú mélòó kan máa ń tuni lára gan-an.

Ẹsẹ̀Ńrìn kọ̀wé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi, ó sì ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Alẹ́ lọ́tọ̀. Ìbéèrè tí ó kù kò pọ̀. Ṣé kí a lọ sí Fisterra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí a sùn síbẹ̀, kí a sì padà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta? Tàbí kí a lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí a sùn síbẹ̀, kí a padà ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú?

Bàbá Onísùúrù kọ̀wé:

Mo gba ọ̀rọ̀ iná tí Akínrìn sọ, ó tọ̀nà. Ní ti oorun, ẹ sùn síbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀sán ni ọkọ̀ yín ń gbéra, bọ́ọ̀sì àárọ̀ yóò gbé yín dé.

Àbẹ̀kẹ́ Etíkun kọ̀wé:

Bàbá, ẹ dákun, ọjọ́ Àìkú ni bọ́ọ̀sì máa ń wọ́n jù. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá yẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ti lọ. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ kọ̀wé:

Ti ọjọ́ Ẹtì náà kò wù mí. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ni ó máa ń ti O Pedrouzo bọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé, nǹkan bí 20 kìlómítà. Ẹ ó tún lọ gba ìwé-ẹ̀rí Compostela ní ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò, níbi tí wọn yóò ti yẹ òǹtẹ̀ tí ẹ gbà lójú ọ̀nà sínú ìwé ìrìn-àjò yín wò, ìlà ibẹ̀ sì lè gùn. Bí ẹ bá tún fẹ́ ìsìn aago méje ààbọ̀ alẹ́ ní kàtídírà, ẹ rántí pé wọn kì í jẹ́ kí a gbé àpò ẹ̀yìn ńlá wọlé. Gbogbo èyí àti bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kan náà ti pọ̀ jù fún gìgísẹ̀ tí ó ti bó. Ẹ parí ti Santiago ní ọjọ́ Ẹtì kí ọkàn yín lè balẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Ẹsẹ̀Ńrìn kọ̀wé:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Fisterra ni a ó lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Langosteira ni a ó jókòó sí, a ó sì padà pẹ̀lú bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́. Mo ti fi wíwọ̀ oòrùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Kí sì ni kí a gbé dání?

Àbẹ̀kẹ́ Etíkun kọ̀wé:

Láti inú ìlú dé ilé ìmọ́lẹ̀ ju kìlómítà mẹ́ta lọ, òkè sì ni. Ẹ gba takisí lọ sókè, bí ẹsẹ̀ ọkọ bá sì ń yún un, kí ó fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí ìyàwó bá takisí padà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ lọ sókè kí oòrùn tó le, ẹ ó ní gbogbo ọ̀sán fún yanrìn. Ẹ jẹun ọ̀sán láàárín aago méjì sí mẹ́ta, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ máa ń pa iná ìdáná lẹ́yìn ìgbà náà títí di alẹ́, bọ́ọ̀sì yín á sì ti lọ kí wọ́n tó tún dá a.

Ẹ fi àpò ńlá sílẹ̀ ní ibi tí ẹ sùn sí ní Santiago. Aṣọ ìnura, ìpara, fìlà, báńdéèjì, omi mímu àti omi díẹ̀ sí i fún fífọ ẹsẹ̀, sálúbàtà, àti ẹ̀wù kan tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, ti tó. Òjò kì í fi ìwé ránṣẹ́ ní Galicia, nítorí náà aṣọ òjò yín kò gbọ́dọ̀ gbélé. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ẹ̀bá omi ni ẹ wọ̀, ọwọ́ òsì ni kí ẹ jókòó sí nígbà àlọ, kí ẹ sì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún nígbà àbọ̀.